Kíkó Ilé Láti Ìbàdàn Lọ sí Àbújá Láìjẹ Gbèsè

Ẹni tó bá ti béèrè owó ọkọ̀ akẹ́rù láti Ìbàdàn lọ sí Àbújá láìpẹ́ yìí á mọ̀ pé kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀rín. Láti ìgbà tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní ìparí oṣù karùn-ún ọdún 2023 ni owó ọkọ̀ ti fò sókè. Síbẹ̀, ohun méjì ló ń pinnu iye tí ẹ máa san, ọwọ́ yín sì tó méjèèjì: bí ẹrù yín ṣe pọ̀ tó, àti ibi tí ilé ọkọ̀ tó máa gbé e wà. Ọkọ̀ ará Ìbàdàn tó máa gbé yín dé Àbújá, tó sì máa pa dà lófìfo, owó àlọ àti àbọ̀ ló máa bù lé yín lórí. Ọkọ̀ tó jẹ́ pé òkè Ọya ni ilé rẹ̀, tó já tòmátì sí Ṣáṣá láàárọ̀, tó ń wá ohun tí yóò gbé pa dà, owó epo ló kọ́kọ́ ń wá. Ohunkóhun tó bá lé ìyẹn, èrè ni lójú rẹ̀.

Àbújá ni mo fi ṣe àpẹẹrẹ torí pé ibẹ̀ lọ̀pọ̀ ará Ìbàdàn tó ríṣẹ́ tuntun ń kó lọ. Ẹni tó ń lọ Kàdúná tàbí Jọ́ọ̀sì lè lo ọgbọ́n kan náà. Ti Èkó kò le tó báyìí. Ẹ lè kó láàárọ̀ kẹ́ ẹ já a lọ́sàn-án.

Ìgbà wo ló dáa láti kó?

Bí iṣẹ́ bá fún yín láàyè láti yan oṣù, ẹ yan oṣù kejì tàbí oṣù kẹta. Èrò ọdún ti pa dà síbi iṣẹ́, òjò kò tíì bẹ̀rẹ̀ dáadáa, awakọ̀ sì ń wá iṣẹ́. Ẹ má ṣe kó nínú oṣù kejìlá bí kò bá di dandan, torí kò sẹ́ni tó ń dín owó ọkọ̀ kù fún yín nígbà ọdún.

Oṣù kẹsàn-án àti oṣù kẹwàá náà léwu, nítorí Odò Ọya. Ní ọdún 2022, omi bo títì láàrin Lọ́kọ́jà àti Àbújá, ọkọ̀ akẹ́rù sì há sójú ọ̀nà fún ọjọ́ pípẹ́. Ẹ má rò pé ọ̀nà kejì, èyí tó gba Ìlọrin àti Jẹ́bà, bọ́ lọ́wọ́ omi: ìparí oṣù karùn-ún ọdún 2025 ni àgbàrá ya wọ Mòkwà, tó pa ọ̀pọ̀ ènìyàn, tó sì ba ọ̀nà jẹ́. Lásìkò òjò, ẹ bi àwọn awakọ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé léèrè bí ọ̀nà ṣe rí kẹ́ ẹ tó mú ọjọ́.

Ẹni tó ní ọmọ nílé ìwé kò ní yíyàn púpọ̀, ọlidé gígùn láàrin oṣù keje sí oṣù kẹsàn-án ló máa lò. Kí irú ẹni bẹ́ẹ̀ rántí pé Ìbàdàn máa ń ní ìsinmi òjò díẹ̀ nínú oṣù kẹjọ, Àbújá kì í ní in. Ìgbà yẹn gan-an ni òjò ibẹ̀ ń lágbára sí i. Ẹ lè di ẹrù lábẹ́ oòrùn ní Mọ́kọ́lá kẹ́ ẹ wá já a sínú ẹrẹ̀ ní Lugbe. Kí ilé ìwé tó palẹ̀ mọ́ ni kẹ́ ẹ ti gba lẹ́tà ìyípadà àti èsì ìdánwò àwọn ọmọ, torí bí ọ̀gá ilé ìwé bá ti lọ ọlidé, ẹ lè wá a tì.

Ẹ dín ẹrù kù kẹ́ ẹ tó bá awakọ̀ kankan sọ̀rọ̀

Ohun tí awakọ̀ bá fojú rí nílé yín ló máa dá owó lé. Bí ẹ bá mú un wá wo ilé nígbà tí gbogbo rẹ̀ ṣì kún fọ́fọ́, owó ilé tó kún fọ́fọ́ ló máa pè, bó ti wù kẹ́ ẹ ṣàlàyé tó pé ìdajì rẹ̀ kò ní lọ.

Ẹ mú ìwé kan, kẹ́ ẹ rìn láti yàrá dé yàrá, kẹ́ ẹ kọ gbogbo ẹrù ńlá sílẹ̀. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan, ẹ kọ iye méjì: iye tí ẹ lè rí tà á ní Ìbàdàn, àti iye tí irú rẹ̀ ń lọ ní Àbújá, ì báà jẹ́ àlòkù. Lórí Jiji tàbí Facebook lẹ ti lè rí méjèèjì. Ìyàtọ̀ àárín wọn ni àdánù yín bí ẹ bá tà á. Ẹ wá fi àdánù yìí wé owó àyè tí nǹkan náà máa gbà nínú ọkọ̀.

Ká ní awakọ̀ ní òun á gba ₦600,000 fún gbogbo àyè ọkọ̀, tí àga pálọ̀ yín sì máa gba ìdá kan nínú mẹ́rin rẹ̀. A jẹ́ pé ₦150,000 lẹ fẹ́ fi gbé àga. Bí ẹ bá rí àga náà tà ní ₦120,000, tí ẹ sì rí irú rẹ̀ rà ní Kúbwà ní ₦220,000, àdánù yín jẹ́ ₦100,000. Títà á fi ₦50,000 sàn ju gbígbé e lọ, aṣọ rẹ̀ kò sì ní ya lójú ọ̀nà. Àpẹẹrẹ lásán ni owó tí mo pè yìí. Iye tó bá ń lọ lọ́jọ́ náà lẹ máa fi ṣe tiyín.

Tí ẹ bá ṣe ìṣirò yìí tán, ẹ máa rí i pé àwọn ẹrù kan kò tiẹ̀ yẹ kó kúrò ní Ìbàdàn. Wọdíróòbù tí wọ́n fi HDF, ìyẹn pákó tí wọ́n fi lẹ́búlẹ́bú igi tẹ̀ pọ̀, ṣe ni àkọ́kọ́: bí wọ́n bá ti tú u, ihò ṣúrúù rẹ̀ kì í di ṣúrúù mú mọ́, ó sì máa dé bí ìdì pákó. Tánkì omi, fóòmù tó ti tẹ̀, àga oníke tó ti sán, tẹlifísọ̀n àtijọ́ ẹlẹ́yìn ńlá: ẹ tà wọ́n tàbí kẹ́ ẹ fi ta ẹni lọ́rẹ. Bẹ́ẹ̀dì tí káfíńtà fi ojúlówó igi kàn yàtọ̀ o. Ẹ tú u, ẹ fi kálà kan náà sàmì sí igi méjèèjì tó bá para wọn mu, kẹ́ ẹ kó ṣúrúù rẹ̀ sínú ọ̀rá, kẹ́ ẹ so ó mọ́ ara igi náà.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ó kéré tán ṣáájú ọjọ́ ìkólọ ni kẹ́ ẹ ti kéde gbàǹjo. Ẹ gbé fọ́tò àti iye owó sórí WhatsApp, sínú ẹgbẹ́ ìjọ, ẹgbẹ́ àdúgbò, ẹgbẹ́ ibi iṣẹ́. Ẹni tó bá ń tà á lọ́jọ́ tó kù ọ̀la kí ọkọ̀ dé, ọ̀pọ̀ ló máa tà á, torí ẹni tó ń rà á mọ̀ pé kò ríbi gbé e lọ. Fún àwọn ohun tí ẹ ṣì nílò, bíi fíríìjì, ẹ gba owó báyìí kẹ́ ẹ sì jọ fàdéhùn sí i pé ọjọ́ tí ẹ bá ń kó ni oníbàárà máa wá gbé e.

Ti oúnjẹ ńkọ́? Ẹ má gbé iṣu, ẹ má gbé ẹ̀wà, ẹ má gbé ìrẹsì. Ilẹ̀ tí wọ́n ti ń wá sí Bódìjà ni ẹ ń lọ. Èlùbọ́ ni kẹ́ ẹ gbé, àti gàrí Ìjẹ̀bú. Mo mọ̀ pé wọ́n ń ta èlùbọ́ ní Àbújá, ṣùgbọ́n ẹni tó ti jẹ àmàlà Ìbàdàn dàgbà á mọ ohun tí mò ń wí. Epo pupa náà lè lọ, bí ìdérí kẹ́ẹ̀gì bá le, tí ẹ sì gbé e sí òdìkejì ibi tí fóòmù wà.

Ọkọ̀ tó ń lọ sílé

Ọjà Ṣáṣá àti ọjà Bódìjà ni orísun. Òru ni ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tó ń kó tòmátì, ata, àlùbọ́sà àti ẹ̀wà bọ̀ láti òkè Ọya máa ń wọlé, wọ́n á já ẹrù láàárọ̀, lẹ́yìn náà ni awakọ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í wá ẹrù ìpadàbọ̀. Ẹ lọ lágogo mẹ́wàá sí méjìlá, ní ọ̀sẹ̀ kan tàbí méjì ṣáájú, kì í ṣe láti gbé ẹrù lọ́jọ́ náà, bí kò ṣe láti mọ ẹni tó ń lọ síbo. Alárìnà ọkọ̀ wà níbẹ̀. Ẹ gbà pé ó máa gba tirẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ bi í kí ó tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ iye tí ó ń gbà àti ọ̀dọ̀ ẹni tí ó ti ń gbà á, kó má bàa gba ọ̀dọ̀ yín àti ọ̀dọ̀ awakọ̀ pọ̀.

Ọgbọ́n kan wà nínú ibi tí ẹ bá dárúkọ. Ọkọ̀ Kánò kì í fẹ́ wọ inú Àbújá, torí pé kò sí lójú ọ̀nà rẹ̀, ọkọ̀ ńlá kì í sì í rí àdúgbò wọ̀ bó ṣe wù ú. Ẹ dárúkọ Zuba tàbí Dei-Dei, tó wà létí ọ̀nà tó lọ sí Kàdúná, owó á wálẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà máa ń lọ báyìí:

"Alájì, ẹ kú iṣẹ́ o. Ṣé Kánò lẹ ń pa dà sí?"

"Kánò ni. Ẹrù kí ni?"

"Ẹrù ilé ni, sà. Fúláàtì oníyàrá méjì. Kò lè kún ọkọ̀ yín."

"Àbújá? Ha, mi ò wọ Àbújá o."

"Ẹ ò ní wọ̀ ọ́. Zuba lẹ máa sọ̀ ọ́ sí, ọkọ̀ kékeré á ti dúró dè wá níbẹ̀. Ọ̀nà wo lẹ máa gbà?"

Ìbéèrè ìkẹyìn yẹn ṣe kókó. Ọkọ̀ tó gba Ifẹ̀, Àkúrẹ́, Lọ́kọ́jà máa kan Zuba. Èyí tó gba Ìlọrin, tó sì yà sí Kòǹtàgórà lẹ́yìn Mòkwà, kò ní kan ibẹ̀ rárá, ì báà jẹ́ pé Kàdúná ló ń lọ.

Bí ẹrù yín kò bá ju ti yàrá kan àti pálọ̀, ẹ má ya ọkọ̀ odindi. Ẹ ní kí awakọ̀ fi ẹrù mìíràn kún un, kẹ́ ẹ sanwó àyè tí ẹ gbà. Ẹ ṣáà bèèrè ẹrù tó fẹ́ fi kún un. A kì í fi ẹrù ilé sábẹ́ àpò sìmẹ́ǹtì.

Ọ̀nà mìíràn wà. Ẹni tí kò ní ju àpò aṣọ, ìwé àti ohun ìdáná lọ lè fi páálí ránṣẹ́ díẹ̀díẹ̀ nípasẹ̀ ọkọ̀ èrò ní Ìwó Road tàbí Challenge, kó gba wébíìlì fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ọkọ̀ akẹ́rù Kántà ará Ìbàdàn yá jù, ó ń dé ẹnu ọ̀nà ilé yín, ṣùgbọ́n ẹ ti mọ ìdí tó fi wọ́n. Rélùwéè Mọníyà kò ràn wá lọ́wọ́ nínú èyí, Èkó nìkan ló ń lọ.

Ẹ kọ àdéhùn náà sílẹ̀

Ìwé kan ṣoṣo ti tó, tí ẹ̀yin àti awakọ̀ fọwọ́ sí, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ẹ̀dà. Ohun tó gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀ ni orúkọ awakọ̀, nọ́ńbà ọkọ̀, ibi ìsọ̀kalẹ̀ gan-an, ọjọ́ tó yẹ kó dé, gbogbo owó, iye tí ẹ san sílẹ̀, àti ẹni tó ni owó tíkẹ́ẹ̀tì ojú ọ̀nà. Èyí tó gbẹ̀yìn yìí ló máa ń fa ìjà jù. Bí ẹ kò bá kọ ọ́ pé awakọ̀ ló ni í, ó máa pè yín láti Ọ̀wọ̀ pé àwọn kan ti dá òun dúró, kẹ́ ẹ fi owó ránṣẹ́.

Ẹ ya fọ́tò láísẹ́ǹsì rẹ̀ àti iwájú ọkọ̀. Ẹ gba nọ́ńbà alárìnà tàbí alága páàkì tó mọ̀ ọ́n, kẹ́ ẹ sì pè é níṣojú awakọ̀. Owó ìlàjì ni kẹ́ ẹ san sílẹ̀, kó fi ra dísù. Ìlàjì tó kù, lẹ́yìn tí ẹ bá ka ẹrù pé ní Zuba. Awakọ̀ tó bá ní àfi kẹ́ ẹ san gbogbo rẹ̀ tán, ẹ kí i pé ó dàbọ̀. Bó ti wù kí owó rẹ̀ pọ́ọ́kú tó.

Nínú owó tí ẹ máa kó sápá kan, ẹ má gbàgbé alábàárù níbi méjèèjì, ọkọ̀ kékeré láti Zuba dé ilé, owó ọkọ̀ ìdílé, àti ti àwọn ilé tuntun: owó ọdún, àgírímẹ́ǹtì, ejẹ́ǹtì, owó káṣọ̀n. Lé gbogbo rẹ̀, ẹ fi ìdá kan nínú mẹ́fà kún un fún àìròtẹ́lẹ̀.

Ìwé ilé tí ẹ ń fi sílẹ̀

Ọ̀pọ̀ àdúgbò ní Ìbàdàn, ẹgbẹ́ onílé kì í jẹ́ kí ẹrù jáde láìsí lẹ́tà lọ́wọ́ lándílọ́ọ̀dù. Mọ́gáádì á ti géètì pa, ọkọ̀ á dúró, alábàárù á máa ka wákàtí sí yín lọ́rùn. Lọ́sẹ̀ tó ṣáájú, ẹ gba lẹ́tà náà, kẹ́ ẹ bi akọ̀wé ẹgbẹ́ léèrè aago tí wọ́n ń ti géètì.

Ẹ san bíìlì iná IBEDC tó gbẹ̀yìn, kẹ́ ẹ tọ́jú rìsíìtì. Bó bá jẹ́ mítà asansílẹ̀, ẹ lo yúníìtì tó kù tán, torí kò ṣeé gbé lọ sínú mítà mìíràn. Ẹ ya fídíò gbogbo yàrá lẹ́yìn tí ẹ gbálẹ̀ tán, níṣojú lándílọ́ọ̀dù tàbí ejẹ́ǹtì rẹ̀ bó bá ṣeé ṣe. Ohun tí ẹ máa fi gba owó káṣọ̀n yín pa dà nìyẹn.

Dídi ẹrù

Páálí pọ̀ lọ́wọ́ àwọn tó ń ta oúnjẹ inú agolo ní Agbẹ́nì. Ẹ gbọn ọ̀kọ̀ọ̀kan dáadáa, kẹ́ ẹ wo abẹ́ rẹ̀ tí wọ́n pa pọ̀. Ibẹ̀ ni ẹyin aáyán máa ń wà. Ìwé ni kẹ́ ẹ kó sínú páálí kékeré, aṣọ sínú ńlá tàbí sínú Ghana-must-go. Kò yẹ kí ohunkóhun rìnrìn àjò lófìfo: inú ìkòkò, inú bàsíà, inú fíríìjì tó ti gbẹ, ẹ ki aṣọ àti táwẹ̀lì sí i.

Abọ́ tánganran ni ọ̀pọ̀ ń dì sódì. Wọ́n á tò ó lérí ara wọn, àwọn tó wà nísàlẹ̀ á sì fọ́. Ẹ fi ìwé ìròyìn wé ọ̀kọ̀ọ̀kan, kẹ́ ẹ gbé e dúró lórí etí rẹ̀ bí ìwé ṣe ń dúró lórí pẹpẹ, kẹ́ ẹ sì há aṣọ sáàárín àti sábẹ́. Lẹ́yìn tí ẹ bá dé e, ẹ mi páálí náà díẹ̀. Bí ẹ bá gbọ́ ìró, ẹ tú u.

Fíríìjì: ẹ yọ ọ́ lórí iná lọ́jọ́ kan ṣáájú, kí yìnyín yọ́, kẹ́ ẹ nù ún gbẹ, kẹ́ ẹ fi téèpù lẹ ilẹ̀kùn rẹ̀. Ìdúró ló gbọ́dọ̀ wà nínú ọkọ̀. Bí wọ́n bá dà á dùbúlẹ̀, ọ́ìlì inú kọ̀ńpúrẹ́sọ̀ á ṣàn wọ páìpù. Ẹ kọ "MÁ DÙBÚLẸ̀" sí i lára gàdàgbà, kẹ́ ẹ sì sọ ọ́ fún alábàárù ní èdè tó bá gbọ́. Tẹlifísọ̀n pẹlẹbẹ náà, ìdúró ni, láàárín fóòmù méjì.

Jẹnẹrétọ̀ gbọ́dọ̀ gbẹ: ẹ fa pẹtiróòlù rẹ̀ jáde, kẹ́ ẹ tan án títí yóò fi kú fúnra rẹ̀. Sìlíńdà gáàsì, ẹ sè é tán kẹ́ ẹ tó lọ, ẹ ti ẹnu rẹ̀, kẹ́ ẹ gbé e dúró níbi tí afẹ́fẹ́ ti lè fẹ́ sí i. Kò gbọ́dọ̀ bá èrò wọ mọ́tò.

Ọkọ̀ tòmátì ní ìṣòro tirẹ̀. Omi tòmátì jíjẹrà ti mu sára pákó rẹ̀, òórùn rẹ̀ kì í sì í fi fóòmù sílẹ̀ bọ̀rọ̀. Ẹ mú ìgbálẹ̀ lọ, ẹ gbá a, kẹ́ ẹ tẹ́ ọ̀rá dúdú tó nípọn sílẹ̀ kí ẹrù kankan tó wọ̀ ọ́, kẹ́ ẹ fi ọ̀rá wé fóòmù lẹ́ẹ̀mejì. Ọkọ̀ màlúù, ẹ má tiẹ̀ bèèrè owó rẹ̀. Ẹ fojú ara yín wo tàpólì náà pẹ̀lú, ẹ nà án sílẹ̀ kẹ́ ẹ yẹ̀ ẹ́ wò. Ihò tó tó ojú àtàǹpàkò ti tó láti mú kí gbogbo ìwé yín tutù.

Ẹ kọ nọ́ńbà sára gbogbo páálí, kẹ́ ẹ kọ ohun tó wà nínú nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan sínú ìwé lọ́wọ́ yín. Ẹ má kọ "wúrà" tàbí "kọ̀ǹpútà" sára páálí. Sáfíkéètì, ìwé ilẹ̀, pásípọ́ọ̀tù, góòlù àti oògùn tí ẹ ń lò, ara yín ni kó wà.

Ọjọ́ ìkólọ

Àwọn ohun tó wúwo ló ń kọ́kọ́ wọlé, lẹ́yìn orí awakọ̀: fíríìjì, ẹ̀rọ ìfọṣọ, páálí ìwé. Igi bẹ́ẹ̀dì á dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́. Fóòmù àti àpò aṣọ ló ń dí àlàfo kẹ́yìn. Ohun tí ẹ máa nílò lóru àkọ́kọ́, bíi ẹní, ìkòkò kan, ọṣẹ àti búlúùbù, ni kó wọ̀ kẹ́yìn pátápátá. Ẹ fi ẹ̀dà rìsíìtì tẹlifísọ̀n àti jẹnẹrétọ̀ pẹ̀lú lẹ́tà lándílọ́ọ̀dù sọ́wọ́ awakọ̀, ọlọ́pàá lè bèèrè wọn.

Kí ẹnikẹ́ni nínú ìdílé má jókòó sórí ẹrù. Ẹ wọ ọkọ̀ èrò àkọ́kọ́ láàárọ̀, kílẹ̀ má bàa ṣú yín sí ọ̀nà. Ọkọ̀ èrò á ṣíwájú ọkọ̀ ẹrù dé, ìyẹn sì fún yín láàyè láti gbálẹ̀ ilé tuntun, kẹ́ ẹ sì bá ọkọ̀ kékeré tó máa lọ Zuba dúnàá-dúrà.

Bí ẹ bá ti dé

Ẹ ka páálí bó ṣe ń sọ̀ kalẹ̀, ìwé lọ́wọ́, kí ọkọ̀ tó kúrò. Nígbà tí nọ́ńbà bá pé lẹ máa san ìlàjì tó kù. Ẹ fi owó omi lé e bí awakọ̀ bá ṣe dáadáa, kẹ́ ẹ sì tọ́jú nọ́ńbà rẹ̀.

Fíríìjì, ẹ jẹ́ kó dúró fún wákàtí mẹ́rin ó kéré tán kẹ́ ẹ tó so ó mọ́ iná. Bó bá dùbúlẹ̀ lójú ọ̀nà, ẹ fi sílẹ̀ di ọjọ́ kejì. Lẹ́yìn tí ẹ bá rọ gáàsì, ẹ fi ìfófòó ọṣẹ pa ojú ibi tí róbà ti wọ sìlíńdà. Bó bá ń hó, ẹ tún un dè.

Ti mítà, kẹ́ ẹ tó sanwó ilé rárá ló ti yẹ kẹ́ ẹ dán an wò, ẹ̀yin tàbí ẹni tó bá yín wá ilé. AEDC ló ń pín iná ní Àbújá àti ní Màràrábá náà. Ẹ ra yúníìtì kékeré kan, kẹ́ ẹ tẹ̀ ẹ́ síbẹ̀ níṣojú ejẹ́ǹtì. Láti 24 oṣù kọkànlá ọdún 2024, mítà asansílẹ̀ tí wọn kò bá tíì ṣe àtúntò TID rẹ̀ (nọ́ńbà tí mítà fi ń dá tókìnnì mọ̀) kì í gba tókìnnì mọ́. Bí kò bá wọlé, tàbí bí gbèsè ayálégbé àná bá ń bọ̀ nínú rẹ̀, kí lándílọ́ọ̀dù yanjú rẹ̀ pẹ̀lú AEDC kí kọ́bọ̀ yín tó kúrò lápò.